Ẹnu Ìyáálé Mi ni Mo Fi Ń Tọ́ Gaari Wò

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún nítorí pé ẹ sanra jù, tí ẹ ti dá aṣọ tuntun, tí ẹ ti pín àwọn aṣọ ńláńlá àtijọ́ fún ẹbí, tí ẹ wá ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé ara tí ẹ lé lọ ti ń yọ́ padà wọlé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe. Èmi sá pamọ́ fún dókítà nítorí ìtìjú, ó sì kù díẹ̀ kí ojú mi méjèèjì bá a lọ. Ẹni tó gbà mí kì í ṣe ẹni tí mo rò. Ìyáálé mi ni, n ó sì yìn ín nínú ìwé yìí títí yóò fi sú yín.

Oníṣòwò gaari ni mí ní Ìlarò. Rúkà ni ìyá mi ń pè mí, ṣùgbọ́n Ìyá Gaari ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lọ ra gaari ní Ìwòyè-Kétu àti ní Ayétòrò, tí mo ń kó o wá sílé. N kò ní gbéra ga, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ gaari jù mí lọ ní ọjà Ìwòyè. Ahọ́n mi ni òṣùwọ̀n mi. Bí a ṣe ń rà á nìyí: ẹni tó ni gaari á bu díẹ̀ lé ẹ lọ́wọ́, wàá jù ú sẹ́nu níṣojú rẹ̀. Tí o bá kọ̀, o ti bú u nìyẹn, o ní gaari rẹ̀ kò ṣeé jẹ. Tí o bá sì tu ú dà nù níwájú ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ẹ̀gẹ́, tó bó o, tó yan án, ìyẹn burú ju èébú lọ. Nítorí pé àwọn kan a máa fi èyí tó dára bo ẹnu àpò, mo máa ń tọ́ ti ẹnu àpò wò, mo ń tọ́ ti àárín, mo sì ń tọ́ ti ìdí. Tí mo bá ti yẹ àpò mélòó kan wò, mo mu omi, mo tún bọ́ sídìí òmíràn.

Ìyáálé mi, Ìyá Múfú, ló ń bá mi wọ̀n ọ́n tà ní kóńgò ní ojúde ilé. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ wa kí n tó dé. (Nínú ìwé yìí, "ó" ni n ó máa pè é kí ọ̀rọ̀ lè yé yín. Lójúkojú, n kò jẹ́ dán an wò.) A kì í jà, a kì í sì í rẹ́rìn-ín síra wa. "Ẹ káàárọ̀, ìyáálé mi." "Káàárọ̀, ìyàwó." Ó tán. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń gbé e wá sí yàrá mi, fóònù rẹ̀ ni. Múfú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni èéyi gba etí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Adití ni, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití, ó mọ̀wé dáadáa, ó sì ń ṣe bàtà ní Kútọnu báyìí. Kò lè pe ìyá rẹ̀, ó ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí fóònù ni. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé. Kò sì gbà kí ọmọdé kankan ka ọ̀rọ̀ ọmọ òun. Ó máa ń na fóònù náà sí mi láìwò mí lójú, èmi a kà á fún un, n ó sì bá a kọ èsì. Kódà lọ́jọ́ tí a bá ń bá ara wa yan odì, mo ń kà á.

Láti kékeré ni mo ti sanra. Níbi tiwa, ta ló ń pe ìyẹn ní àìsàn? "Owó ń sọ̀rọ̀ lára Ìyá Gaari," ni wọ́n máa ń wí, inú mi a sì dùn. Àfi ìgbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, ni ṣúgà bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi, orúnkún mi náà kò gbé mi mọ́. Mo lo oògùn títí, kò yéé lọ sókè. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n darí mi sí dókítà kan ní Èkó tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú wa. Ilẹ̀ tí bàbá mi fún mi ní ọ̀nà Ìbèsè ni mo tà. Bí ó ṣe jẹ́ pé tírélà sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi níbẹ̀, n kò sunkún rẹ̀ púpọ̀.

Dókítà náà fi ẹyin adìẹ kan hàn mí. Ó ní bí àpò oúnjẹ mi yóò ṣe mọ nìyẹn, òun yóò pín in sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kù, òun yóò sì so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa yó mi. Ó ní ṣíbí mélòó kan ni kí n máa jẹ lẹ́ẹ̀kan, kí n jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa, kí n má fi omi lé e, kí n máa lo oògùn afáralókun lójoojúmọ́ títí ayé, kí n má sì máa jẹ nǹkan káàkiri. Mo ní mo gbọ́.

Kí n má parọ́, iṣẹ́ abẹ náà dára. Láàárín ọdún kan, ìró mi ń yí mi po lẹ́ẹ̀méjì. Ṣúgà wálẹ̀ débi tí wọ́n fi gba oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ń rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí láìsí ọ̀pá. Àwọn ará ọjà ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi pé, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe Ìyá Gaari báyìí? Àbí ọjà ti dẹnu kọlẹ̀?" Ẹ̀rín ni mo ń fi wọ́n rín.

Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọdún kẹta, ṣíbí mẹ́rin kò yó mi mọ́. Mo jẹ mẹ́fà. Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, kò pẹ́ tí ebi á tún dé bí ẹni pé n kò jẹ nǹkan kan. Etí ìró mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti kan ara wọn. Òǹgbẹ ń gbẹ mí, mo ń sáré lọ tọ̀. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti bá a gbé rí. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe padà lọ bá dókítà tó ti sọ mí di ènìyàn, kí n lọ sọ fún un pé mo ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́? Mo yí nọ́ńbà fóònù mi padà kí nọ́ọ̀sì wọn má baà rí mi pè. Ẹ gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í wá sójú mi. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo ra àpò mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí, ẹnu àpò nìkan ni mo tọ́ wò. Lọ́jọ́ kejì, ìyáálé mi pè mí sí ojúde.

"Ìyàwó, wá wo nǹkan yìí."

"Kí ni, ìyáálé mi?"

"Gaari yìí ti bu. Láti àárín dé ìdí ló ti dúdú. Ṣé o ò rí i ni?"

Mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo rà á. Ó ní, "Ọ̀sán gangan lo délé lánàá." Ó na ọwọ́ sókè. "Ìka mélòó nìyí?"

"Mẹ́ta," ni mo wí, pẹ̀lú ìgboyà.

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó kó gaari náà padà sínú àpò, ó ní, "Ìdájí ọ̀la la ń lọ sí ọsibítù. Má wulẹ̀ sọ fún mi pé o níṣẹ́." Lẹ́yìn ìgbà náà ló sọ fún mi pé méjì ni òun nà.

Ọsibítù ìjọba tí a lọ jìnnà sí Ìlarò díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò ti tò. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ti fa ewé ìwé kan ya, ó ń kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ṣe ìkẹtàdínlógójì. Ìyáálé mi gbé àpótí kékeré kan wá láti ilé, ó ní kí n jókòó lé e, òun sì dúró. Nígbà tó yá, bàbá kan tó múra dáadáa wọlé wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wa kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo èrò ń kùn lábẹ́nú. Ìyáálé mi nìkan ló sọ ọ́ síta: "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ojú yín náà ti burú tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ ò rí gbogbo wa?" Bàbá náà padà sẹ́yìn, ó sì ń tọrọ àforíjì. N kò mọ̀ pé ẹni tí mo ti ń bá gbé láti ogún ọdún ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Dókítà ojú, ọmọdébìnrin jẹ́jẹ́ kan, tan iná sí mi lójú títí. Ó ní ṣúgà ti ń ba ojú mi jẹ́ láti ẹ̀yìn, ti ọ̀tún burú ju ti òsì lọ. Ó ní òun yóò ta iná tí wọ́n ń pè ní lésà sí i láti dá a dúró, ṣùgbọ́n tí ṣúgà kò bá wálẹ̀, asán ni, ojú méjèèjì yóò fọ́. Ó ní kí n padà lọ bá dókítà tó ṣe ikùn mi, ní kíákíá.

Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a ń padà bọ̀, fóònù ìyáálé mi dún. Ó na án sí mi bí ìṣe rẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ ojú, mo gbé e jìnnà, àwọn lẹ́tà náà ń rìn bí èèrà. Mo ní, "Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, n kò rí i kà." Ẹni tó jókòó tì wá ní kí ó mú un wá, òun yóò bá a kà á. Ìyáálé mi ní ó tì. Ó fi fóònù náà sínú àyà aṣọ rẹ̀, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ẹkún bá gbọ̀n mí. Láìwò mí, ó ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nu ojú ẹ, kí o lè mọ ibi tí a ti máa bọ́ sílẹ̀."

Ìyá mi gbọ́, ó ti Ayétòrò wá. Ó ti gbé ìgò àgbo mẹ́ta lọ́wọ́. Ó ní, "Rúkà, ara tí Ọlọ́run dá padà fún ẹ lo tún fẹ́ lọ fún àwọn ọlọ́bẹ. Mu èyí, á fọ ṣúgà náà dànù." Mo mu ún nítorí pé ìyá mi ni. Ọjọ́ kejì ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kẹta mo ṣubú ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ìyáálé mi ló gbé mi dìde, tó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. "Màmá, ẹ ṣé, ẹ tọ́jú ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ọ̀nà tèmi tọ́jú ìyàwó mi." Ìyá mi wò ó, ó sì kó ìgò rẹ̀. Ẹ̀yin ará, n kò sọ pé àgbo kò dára. Mo ní ẹni tí wọ́n ti gé àpò oúnjẹ rẹ̀ kù kò gbọ́dọ̀ mu ohun tí dókítà rẹ̀ kò mọ̀ sí. Ọkọ wa, Alhaji, ní ohun tí àwa obìnrin méjèèjì bá fẹnu kò sí ni òun fara mọ́. Ó ta màlúù Iléyá tó ń sìn láti fi kún owó ìtọ́jú, kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tí mo wọlé bá dókítà l'Ékòó. Kò bú mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwa ti ń wá yín." Ó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ wo inú. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, wọ́n gba ọ̀nà ọ̀fun mi fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà wọlé. Nígbà tí mo jí, ó ṣàlàyé fún àwa méjèèjì. Ó ní ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà jáde kúrò nínú àpò kékeré náà, nígbà tí òun ṣe é, kò ju ìka ọmọdé lọ. Ní báyìí, àtàǹpàkò òun méjì á gba ibẹ̀ kọjá. Oúnjẹ kò dúró níbẹ̀ mọ́, ó kàn ń já wálẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi yó.

"Ìyá, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń jẹun fún mi."

"Dókítà, mo fi Ọlọ́run búra. Àárọ̀, ṣíbí mẹ́rin. Ọ̀sán, mẹ́fà. Lálẹ́, ẹja díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́. N kì í jẹ nǹkan kan láàárín."

Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyáálé mi wúkọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ń tọ́ gaari wò lọ́jọ́ ọjà."

Inú bí mi. "Ìyáálé mi, iṣẹ́ nìyẹn! Ìtọ́wò kì í ṣe oúnjẹ."

"Ta ló lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ikùn ẹ?"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ìyáálé mi ní, "Ẹ wò ó, ní oṣù ààwẹ̀, kì í lọ sí Ìwòyè, èyí tó wà nílé là ń tà. Lọ́dọọdún ni ara rẹ̀ máa ń fúyẹ́ nínú oṣù náà. Mo rò pé ààwẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ń gbààwẹ̀, a jọ ń ṣínu ni, oúnjẹ tó ń jẹ kò dín. Gaari ló dín." Ó tú báàgì rẹ̀, ó mú gaari tó dì wá fún ọ̀sán ara rẹ̀ jáde, ó tọrọ kọ́ọ̀pù àti omi. Ó ń fi ìka mẹ́ta bu gaari náà sínú kọ́ọ̀pù bí mo ṣe máa ń bù ú sẹ́nu gan-an, ó ń kà á. Nígbà tó ka méjìlá, ó dúró. "Àpò mẹ́rin nìyí. Àpò ogún ló ń yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan." Ó da omi sí i.

A jókòó, a ń wò ó. Gaari náà wú, ó gun òkè, ó gun òkè, títí ó fi dé ẹnu kọ́ọ̀pù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gaari mọ ohun tí mo ń wí. Mo ti ń tà á láti ogún ọdún, mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé tèmi ń wú ju ti ẹlòmíràn lọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé inú mi náà ni ó ń wú sí.

Dókítà ní, "Màmá, iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wọn gaari ní kóńgò."

"Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa pé ká máa bi aláìsàn, kò sí èyí níbẹ̀." Ó dìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe gaari nìkan. Lára àwọn kan, ẹnu ọ̀nà náà a máa gbòòrò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wú, tó sì ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, tí a ń jù sẹ́nu láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò lè jẹ́ kí irú wa gbádùn. Ó ní òun kò ní la inú mi. Òun yóò tún gba ẹnu wọlé, òun yóò fi abẹ́rẹ́ kékeré rán ẹnu ọ̀nà náà kí ó lè kéré, bí télọ̀ ṣe ń dín ọrùn bùbá tó gbòòrò kù. "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá padà sídìí ìtọ́wò, ìyá, á tún ṣí. A kò lè máa rán an títí."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Kí ni oníṣòwò gaari tí kò lè tọ́ gaari wò? Ṣé n ó máa tu ú dà nù níwájú àwọn ìyá tó gbẹ́kẹ̀ lé mi ni? Tí mo bá dá ọjà sílẹ̀, kí ni a ó jẹ? Tí n kò bá dá a sílẹ̀, ojú ńkọ́? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyáálé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹnu tèmi ńkọ́? Ṣé ó ti jẹrà ni?"

Wọ́n rán an ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi nìkan ni mo mu lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo sùn, mo jí, ọ̀fun ń dùn mí, inú ń lọ́ mi díẹ̀, ó tán. Lọ́jọ́ kejì mo ti wà nílé. Ohun tó le ni oúnjẹ: ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tó jẹ́ ohun olómi nìkan, ògì tó ṣàn àti omi ẹja tí a ti sẹ́, lẹ́yìn náà ohun rírọ̀. Ìyáálé mi ra ṣíbí ọmọ ọwọ́, òun ló ń wọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ìkejì lọ́jọ́ kan, ó ní, "Kóńgò mi kì í ní èènì, ìyàwó."

Ó dá lọ sí Ìwòyè fún ọjà àkọ́kọ́, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, lórí ọ̀kadà láti ibi tí bọ́ọ̀sì já a sí. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Méjì nínú àpò tó rà ló kan débi pé ó lè bó ènìyàn léyín. Nígbà tó délé tó tọ́ ọ wò lójú mi, tí ojú rẹ̀ rún, mo rẹ́rìn-ín, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí Alhaji fi yọjú pé kí ló dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: kí ó fi í sábẹ́ ahọ́n ná, kí ó má tètè gbé e mì, kí ó gbọ́ bó ṣe ń dún láàárín eyín. Mo ń sọ ọ́, òun ń tọ́ ọ wò. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo lágbára láti bá a lọ, ìyá kan tí mo ti ń ra gaari lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ bu gaari fún mi. Mo ní kí ó bù ú fún ìyáálé mi. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Gaari, kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ ò jẹ gaari mi mọ́?"

Ìyáálé mi na ọwọ́. "Èmi ni ẹnu rẹ̀."

"Ẹnu yín kọ́ ni mo ń tà á fún."

"Ọkọ kan ṣoṣo ló fẹ́ wa, ìyá. Ẹnu wa kò lè jẹ́ méjì."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ti òdìkejì bọ́dà wá pàtẹ́wọ́, ó fi èdè Faransé sọ pé ó dára gan-an: "Tẹrẹ́ bíẹ̀n, Màmá!" Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún bu gaari fún mi. Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé, tí ọwọ́ mi ń gbéra lọ sẹ́nu fúnra rẹ̀, ìyá kan á pariwo láti òdìkejì ìsọ̀ pé, "Ìyá Gaari, ọwọ́!"

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ara mi kò tíì fúyẹ́ bí ti àkọ́kọ́, dókítà sì sọ pé ó lè má ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ṣíbí márùn-ún ti tún ń yó mi, etí ìró mi ti kan ara wọn, ṣúgà ti wálẹ̀, oògùn kan péré ló kù. Wọ́n yẹ ṣúgà ìyáálé mi náà wò, nítorí gaari tó wá di tirẹ̀, kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀, ìtọ́wò kan lórí àpò kan ni mo gbà fún un. Dókítà ojú ti ta iná rẹ̀ sí mi lójú, ṣùgbọ́n ìkùukùu díẹ̀ kù ní ojú ọ̀tún mi tí kò ní lọ mọ́, ìyẹn ni owó ìtìjú tí mo san. Ti òsì mọ́ kedere. Ẹ̀yin tí ara yín ń padà, ẹ tètè lọ. Ẹ sọ gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu yín fún dókítà, àti èyí tí ẹ ń pè ní iṣẹ́. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń gbélé.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ tí dókítà ojú sọ pé ojú mi ti dúró, pé kò burú sí i mọ́, ìyáálé mi wọ yàrá mi nírọ̀lẹ́, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ Múfú tó wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà jẹ́ mọ́kànlélógún, láti orí èyí tó wọlé nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Kò fi wọ́n han ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ní kí wọ́n ya fọ́tò òun, kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé ìyá òun wà láàyè.

Mo ní, "Ìyáálé mi, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún yín? Àwọn tó mọ̀wé kún ilé yìí."

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi mọ́, ìyàwó, láti ìgbà tí èéyi ti mú un. Ohùn tìẹ ni mo fi ń gbọ́ ọ. Tí ẹlòmíràn bá kà á, á dà bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀."

Mo nu ojú mi. Mo gbé fóònù náà súnmọ́ iná, mo wá èyí tó pẹ́ jù, mo sì kà á sókè: "Màmá, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkàn mi ń fà sí yín lónìí." Mo ka gbogbo rẹ̀ títí tó fi tán, n kò fo ọ̀rọ̀ kan.